Ẹ̀kọ́ Sátidé fún Ẹnjiníà: Kí Ni Ìwó Lè Ṣe?

Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìwó, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà tọ̀sán-tòru. Ibùdó Ìdarí Iná Orílẹ̀-Èdè ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wà lábẹ́ TCN, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni láti rí i pé iná tí àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá ń tú jáde àti èyí tí ará ìlú ń lò dọ́gba ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí ó má yẹ̀ jìnnà sí 50 Hertz. Ní ọdún 2024 nìkan, gíríìdì iná orílẹ̀-èdè yìí wó ju ìgbà 10 lọ. Bó bá ti wó báyìí, ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa ni pé àwọn òṣìṣẹ́ iná ò mọṣẹ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná nílẹ̀ yìí mọ iná. Wọ́n mọ wáyà, wọ́n mọ tiransifọ́mà, ẹ̀rọ tó ti darúgbó ni wọ́n sì ń rọra lò títí di òní. Ohun tó wọ́n wa ni ẹni tó lè sọ, kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, èwo ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, iye owó tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ dè é, ẹni tó láṣẹ láti pa á kí ó tó jóná, àti ọ̀nà tí ìròyìn á gbà dé etí onítọ̀hún lásìkò. Àìtó gáàsì wà nínú ẹjọ́ gíríìdì lóòótọ́, àwọn tó ń wó òpó iná náà wà níbẹ̀, owó tí ìjọba kò ná sí i láti ọdún gbọọrọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ gbogbo ìwọ̀nyẹn kúrò, ẹjọ́ ìṣàkóso ṣì kù nílẹ̀, kò sì sí pólì tàbí yunifásítì kan tó fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnjiníà wa ní ìyẹn kí ó tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé irú ẹ̀kọ́ kan yẹ̀ wò: ẹ̀kọ́ máàsítà nínú ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, tí òṣìṣẹ́ ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ láìfi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún wa gan-an, àmọ́ ìgbà tí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láti Móńdè dé Fúráìdè bá di ìwé tí wọ́n ń ṣí ní kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé ló tó wúlò. Níbi tí ìyẹn kò bá ti sí, ìwé ẹ̀rí lásán ni a ń rà, ọ̀wọ́n gógó sì ni. Mo sì rò pé agbègbè Ìwó, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo, tó sì ní yunifásítì tirẹ̀, wà lára ibi tí a ti lè ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹnjiníà kan ń gbà di ọ̀gá. Ọdún márùn-ún ló máa lò ní yunifásítì. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tó máa ṣe níbẹ̀, èyí tó kan owó, òfin àti ìṣàkóso kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì sábà máa ń kà á sí kọ́ọ̀sì tí a fi ń wá máàkì. Ó jáde, ó sin ìlú, ó rí iṣẹ́. Nítorí pé ó mọ ẹ̀rọ, wọ́n gbé e ga. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbéga bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ yí padà pátápátá, láìsí ẹni tó sọ fún un. Àná, ẹ̀rọ ló ń tún ṣe. Lónìí, àwọn mẹ́wàá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí kò bá ẹnikẹ́ni dá, kọngílá tó ń pè é lóru, àti ọ̀gá àgbà tó fẹ́ mọ ìdí tí owó dísù fi lé sí i lóṣù yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìkankan nínú rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa kò ní irú àlàfo yìí. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kì í kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnì nìkan. Kí ó tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù, ó ti rí bí ọ̀gá ṣe ń dá iye lé iṣẹ́, bó ṣe ń tu oníbàárà tó ń bínú lójú, bó ṣe ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ kékeré, àti ìgbà tó ń kọ iṣẹ́ tí kò ní lérè. Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ló ya ìmọ̀ ẹ̀rọ kúrò lára ìmọ̀ bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó fún wa ní èkíní, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún orí olúkúlùkù.

Àpẹẹrẹ tó bani lọ́kàn jẹ́ jù lọ nínú ohun tí àlàfo yìí ń fà ni ilé alájà 21 tó wó ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní 40 èèyàn tó bá a lọ. Àwọn aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé àjà 15 ni ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà. Ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti kọ̀wé yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò láti ọdún 2020. Ẹ rò ó wò. Ìmọ̀ kọnkéré wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó jáde ní pólì mọ̀ pé ìpìlẹ̀ àjà 15 kì í ṣe ìpìlẹ̀ àjà 21. Ohun tí kò sí ni ètò tí lẹ́tà ẹnjiníà kan fi lè dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n tò ó sí fáìlì, iṣẹ́ sì ń lọ. Ta ló yẹ kó gba lẹ́tà yẹn? Ọjọ́ mélòó ló yẹ kó fi wà lórí tábìlì kí ẹlòmíràn tó gbọ́? Ìbéèrè ìṣàkóso nìwọ̀nyí, ẹ̀mí èèyàn sì so mọ́ ọn bó ṣe so mọ́ irin àti sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀kọ́ tó ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ láyé. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì tó wà ní Rolla, ní ìpínlẹ̀ Missouri, dá ẹ̀ka ìṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ ní 1967. Ní 1979, àwọn tó wà nídìí ẹ̀kọ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ọdún 1980 ni Kumar Bhattacharyya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Warwick, ètò tirẹ̀ ló sì wù mí jù nínú gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí kò dúró de kí òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá kàwé. Ó lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àti ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnì, ó gé ẹ̀kọ́ sí ègé kéékèèké tí èèyàn lè ṣe kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ìṣòro ilé-iṣẹ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá. Nílé wa níbí, Ilé-Ifẹ̀ ni orírun ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe jẹ́ orírun àwọn nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni NACETEM wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀kọ́ dípólómà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní oyè máàsítà nínú ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ. FUTA ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́ àkànṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò mọ irú ẹ̀kọ́ yìí rí kò sọ òótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni pé ẹni tó ń ṣọ́ tiransifọ́mà ní Ìwó, tàbí tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìpọn-ọtí ní Iléṣà, kò lè máa lọ jókòó sí kíláàsì láàárọ̀ Túsídè.

Àwọn kan á sọ pé MBA ṣáà wà, pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ló tún kù? Mi ò kẹ́gàn MBA. Àmọ́ ẹni tó bá wo ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ á rí i pé ọ̀rọ̀ báńkì, ọjà títà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ wọn. Ohun tí ẹnjiníà nílò yàtọ̀. Ó nílò láti mọ iye sípéà tó yẹ kó wà ní sítọ́ọ̀, kí owó má bàa sùn síbẹ̀, kí iṣẹ́ má sì dúró nítorí béárìnì kan ṣoṣo. Ó nílò láti mọ bí a ṣe ń to iṣẹ́ àkànṣe tó ní igba ìgbésẹ̀, kí ó lè fi ìka tọ́ka sí àwọn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tó jẹ́ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá pẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo iṣẹ́ pẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn. Ó nílò ìmọ̀ ààbò, ìmọ̀ kọ́ńtíráàtì, àti ìmọ̀ bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ láti mọ ìgbà tí àìsàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí òun ló fi hàn jù lọ pé a kò lè ra ẹ̀kọ́ yìí láti òkèèrè bí ẹni ra tòkunbọ̀. Ká ní ilé búrẹ́dì kan ní Ìwó fẹ́ ra sólà mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Sólà náà á dín owó dísù rẹ̀ kù ní mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún, fún ọdún mẹ́wàá. Ṣé kó rà á? Ẹni tó bá kàn ro àròpọ̀ á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ló máa rí, kó tètè rà á. Ẹnjiníà tó kàwé mọ̀ pé owó tí a máa rí lọ́dún mẹ́wàá sí i kì í ṣe ẹgbẹ́ owó tó wà lọ́wọ́ lónìí. Bó bá lo èlé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé àwọn òyìnbó, á rí i pé gbogbo owó yẹn kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6.14 lọ bí a bá kà á ní owó òní. Síbẹ̀, ó ju márùn-ún lọ, kó rà á. Ṣùgbọ́n a kò sí níbi tí èlé ti jẹ́ ìdá 10. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5, èlé tí oníṣòwò sì ń san ní báńkì kọjá ìyẹn. Bó bá lo ìdá 30, owó yẹn di nǹkan bí mílíọ̀nù 3.09, sólà di àdánù, ẹnjiníà wa á sì sọ fún oníbúrẹ́dì pé kó má rà á. Ìmọ̀ ìwé tí kò gbó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Owó dísù kì í dúró sójú kan, bíi ti àwọn epo yòókù. Epo pẹtiróòlù tí kò tó ₦200 ní lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti sún mọ́ ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Bí owó dísù bá ń lé sí i ní ìdá 20 lọ́dọọdún, owó tí sólà ń dín kù náà á máa lé sí i bẹ́ẹ̀, ìṣirò á sì padà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 5.5. Kó rà á! Ìbéèrè kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ìdáhùn sì yí lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun tó ń lọ ní ọjà wa. Kò sí ìwé kan tí wọ́n kọ ní Boston tó máa sọ èyí fún oníbúrẹ́dì Ìwó. Kíláàsì tí ẹni tó ń ra dísù gan-an jókòó sí nìkan ló lè sọ ọ́.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ Ìwó. Yunifásítì Bowen, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà ní, gba ìwé àṣẹ ní 2001, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ ní 2002, lórí ilẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbẹ̀ báyìí. Ó jẹ́ yunifásítì aládàáni, ìyẹn sì ní ìtumọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ mọ ọjọ́ tó máa parí: ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa fún oṣù mẹ́jọ ní 2022. Ẹ wo àwọn tó yí i ká. Ilé-iṣẹ́ IBEDC, tó gba iṣẹ́ pínpín iná lọ́wọ́ ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ní òṣìṣẹ́ káàkiri Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Kwara. Gbọ̀ngàn ìdarí gíríìdì wà ní Òṣogbo. Ilé ọtí wà ní Iléṣà, wọ́n sì ti ń wa wúrà ní Sẹ́gilọlá láti 2021. Ìbàdàn kún fún ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, ilé-iṣẹ́ oògùn àti àwọn tó ń kọ́ ilé. Òṣogbo kan náà tún ni ilé-iṣẹ́ irin àti ilé-iṣẹ́ Machine Tools wà, tí ìjọba ná owó ńlá sí, tí iṣẹ́ wọn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún. Mo dárúkọ àwọn tó dákẹ́ yìí mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ìtàn bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹ kó jẹ́ kọ́ọ̀sì kan lódindi.

Sátidé náà kò rọrùn bí a ṣe ń pè é. Lọ́dọ̀ Yorùbá, Sátidé ni ọjọ́ òkú, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Obìnrin ẹnjiníà tó ní ọmọ kékeré nílé máa san owó Sátidé yẹn lọ́nà tí ọkọ rẹ̀ kò ní san án, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ro ti ibi tí wọ́n lè gbé ọmọ sí kò tíì ṣètò. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yunifásítì Adeleke ní Ẹdẹ, tó jẹ́ ti àwọn Adventist, kò lè fi Sátidé kọ́ni, ọjọ́ ìsinmi mímọ́ ni fún wọn. Bowen jẹ́ ti Onítẹ̀bọmi, kò lè fi Sọ́ńdè kọ́ni. Mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nílùú Ìwó, Jímọ̀ wọn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nítorí náà, tí Ìwó bá máa ṣe é, Sátidé nìkan ló kù, pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè fún ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìn. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó àti ti Ìwó sí Òṣogbo kò sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè sọ pé kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kì í jinlẹ̀ ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2001, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ẹ̀ka yunifásítì tó wà káàkiri ìlú pa, nítorí pé ilé tí wọ́n háyà àti kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pín oyè. Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára wa, kò sì yẹ kó kúrò. Ṣùgbọ́n ìṣirò lè dáhùn rẹ̀. Ká ní máàsítà kan jẹ́ 30 yúníìtì, tí iṣẹ́ ìwádìí sì kó mẹ́fà nínú rẹ̀. Yúníìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí 15. Yúníìtì 24 tó kù jẹ́ wákàtí 360. Ní wákàtí mẹ́fà lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, Sátidé 60 nìyẹn. Sátidé 52 ló wà nínú ọdún kan, bí a bá sì yọ Kérésìmesì, Ọdún Àjíǹde, Iléyá, ìdánwò àti àwọn òkú tí a kò lè ṣàìlọ, yóò ṣòro kó ju 40 lọ. Ọdún kan àbọ̀ ni kíláàsì nìkan nígbà náà, oṣù mẹ́fà sí i fún iṣẹ́ ìwádìí. Ọdún méjì gbáko. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé òun á parí rẹ̀ lọ́dún kan pẹ̀lú Sátidé nìkan ti jí wákàtí kan gbé níbì kan, akẹ́kọ̀ọ́ sì láṣẹ láti béèrè ibi tó gbé e lọ. Èyí tó bá sọ pé ọdún méjì ni, tó sì ka wákàtí rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i, kò fi ohunkóhun kéré sí ti àwọn tó ń kàwé láti Móńdè.

Àwọn kan tún ní, kí ló dé tí a kò kàn ní gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? NOUN, yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀, àìsàn kòrónà ní 2020 sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Mo gbà fún wọn ní ìdajì. Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé olùkọ́ á sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á gbọ́, kò sí ìdí tí èèyàn fi máa wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn wá gbọ́ ọ. Kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ lálẹ́ Wẹ́síde nígbà tí iná bá wà. Ìdajì kejì ni mo ń jà fún. Nígbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ iná àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé ọtí bá jókòó sídìí tábìlì kan, tí ti ilé ọtí sọ iye tí òun ń pàdánù ní wákàtí kan tí iná bá lọ láìsí ìkìlọ̀, tí tiná sì ṣàlàyé ìdí tí ìkìlọ̀ náà kò fi ń dé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò sí nínú fídíò kankan. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó sì ṣòro kí ẹnìkan sọ àṣìṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n ti gbà láàárín ara wọn pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde, á sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn tó ní HND. Pólì Ìbàdàn ti wà láti 1970, Pólì Ẹdẹ láti 1992, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ ló ń bójú tó ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ yìí lójoojúmọ́. Láti 1992 ni òfin COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, ti gbà pé yàtọ̀ sí ẹnjiníà, àwọn onímọ̀ HND, àwọn tó ní OND àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ààyè tiwọn nínú ìforúkọsílẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni tó ní HND bá kan ilẹ̀kùn máàsítà, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe dípólómà. Àwọn tó ń gbèjà ìlànà yìí ní ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ní pólì kò tó ti yunifásítì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìwádìí nípa ìṣàn omi. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá darí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ńkọ́, tó wá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń darí wọn dáadáa sí i? Ta ló tún yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí wà fún jù ú lọ? Bí a kò bá tíì lè yí ìlànà náà padà, kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣètò dípólómà tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ máàsítà gan-an ni, nínú kíláàsì kan náà, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà, kí ẹni tó bá yege níbẹ̀ tẹ̀ síwájú láìtún ẹ̀kọ́ kan kọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti owó, ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ti wà láti 1971. Òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un tó ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, gbọ́dọ̀ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò yìí, ó sì lè gba tó ìdajì rẹ̀ padà bó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun níṣẹ́ bó ṣe tọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ka owó yìí sí owó orí tó ti lọ. Bí yunifásítì bá gé máàsítà rẹ̀ sí kọ́ọ̀sì kéékèèké bíi ti Warwick, tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ á ní ohun tó lè gbé síwájú ITF, òṣìṣẹ́ kò sì ní máa fi owó oṣù rẹ̀ ra epo ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́ pa pọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á sọ pé bí a bá kọ́ wọn tán, Kánádà ni wọ́n ń lọ. Àwọn kan á lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí a kò kọ́ ní nǹkan kan náà ń lọ, ìdí tí púpọ̀ nínú wọn sì ń sọ ni pé wọ́n kò rí ọ̀nà tí iṣẹ́ wọn á fi dàgbà níbi tí wọ́n wà.

Ẹni tó máa kọ́ wọn ló le jù. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fẹ́ kí olùkọ́ ní PhD, ó sì tọ́, àmọ́ ẹni tó ti darí ilé-iṣẹ́ iná tàbí tó ti tún ìlà ẹ̀rọ tò láàárín òru sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ráyè ṣe PhD. Kí Bowen, tàbí yunifásítì yòówù tó bá gbé e, fi àwọn méjèèjì síwájú kíláàsì kan náà lọ́jọ́ kan náà: olùkọ́ tó ní ìmọ̀ ìwé àti ẹnjiníà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kí èkíní fi ìṣirò hàn, kí èkejì sọ ibi tí ìṣirò náà ti já òun kulẹ̀ rí. Kí Sátidé àkọ́kọ́ má sì ní lẹ́kíṣọ̀ kankan nínú. Kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mú àkọsílẹ̀ ìgbà méjìlá tí ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́ kẹ́yìn wá: ọjọ́ tó dákẹ́, wákàtí tó fi dákẹ́, ohun tó fà á, iye tó gbé lọ, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Orí àkọsílẹ̀ yẹn ni gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún méjì á dúró lé. Ẹni tí kò bá sì rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sílẹ̀ láàárọ̀ Móńdè.